Tòkunbọ̀ Lórí Irin Mítà Kan

Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa ní Sanson, kò sí ọmọdé tí kò mọ ohun tí à ń pè ní tòkunbọ̀. Alùpùpù tí a fi ń ru iṣu láti oko, ẹ̀rọ tí ń lọ àgbàdo, ọkọ̀ tí ń ná Tchaourou sí Parakou, ẹ̀rọ amómitutù tí àwọn ìyá olómi fi ń tajà: ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹlòmíràn ti lò ní òkè òkun kí ó tó kàn wá. A kì í tijú èyí. Ẹni tí ó fẹ́ rà á yóò ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà, yóò dẹtí sí i, yóò wo èéfín rẹ̀, yóò béèrè bóyá ohun èlò rẹ̀ wà lọ́jà, lẹ́yìn náà ni yóò tó sọ iye tí ó fẹ́ san. Bàbá mi a máa sọ pé aṣọ tí ẹlòmíràn ti wọ̀ rí kì í ṣe àbùkù, àfi bí kò bá bá ọ mu.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan ọkọ̀ ojú irin, ohùn àwọn ọ̀dọ́ wa a yí padà. Ní ọdún tó kọjá, níbi tí wọ́n kóra jọ sí lẹ́yìn ìkórè iṣu, ọ̀kan nínú wọn tí ó kàwé dáadáa ní bí ìjọba kò bá lè ra orí ọkọ̀ tuntun, kí wọ́n jẹ́ kí koríko máa hù lórí irin náà. Ó ní àwọn baba wa ti jẹ àjẹkù òyìnbó tó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un gan-an. N kò dá a lóhùn níbẹ̀, nítorí ìdáhùn tí mo ní gùn ju ohun tí ènìyàn lè sọ nídìí ife tíì lọ. Òun ni mo kọ síhìn-ín. (Orí ọkọ̀ ni mo ń pe ẹ̀rọ tí ń fa àwọn ọkọ̀ yòókù lẹ́yìn, èyí tí Faransé ń pè ní locomotive.)

Irin tí ó gba Tchaourou kọjá gùn ní kìlómítà 438, láti Kútọnù ní etí òkun dé Parakou. Àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1900. Ó gba Allada àti Bohicon, ó gba Ìdáàṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́, ó wọ Toui, Kilibo, Tchaourou àti Tchatchou, ó sì dé Parakou ní 1936. Èrò àwọn tí ó tẹ́ ẹ ni pé yóò dé ilẹ̀ Niger lọ́jọ́ kan. Ìrètí yìí hàn nínú orúkọ àjọ tí Dahomey àti Niger jọ dá sílẹ̀ ní 1959, ìyẹn OCDN, tí ó di OCBN lẹ́yìn tí Dahomey di Bénin ní 1975. Irin kò ré Parakou kọjá rí. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń gba ẹrù níbẹ̀ lọ sí Niamey, òun náà ló sì ń kó ẹ̀pà Niger bọ̀ wá bá ọkọ̀ ojú irin. «Hirondelle» ni wọ́n pe ètò náà, ìyẹn alápàáǹdẹ̀dẹ̀, ẹyẹ tí ń lọ tí ń bọ̀ pẹ̀lú àkókò. Ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ náà gbìyànjú.

Gígùn irin yìí kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí jù, bí kò ṣe ìbú rẹ̀. Láti inú irin kan dé inú èkejì jẹ́ mítà kan géérégé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Dakar sí Bamako, ti Abidjan sí Ouagadougou, àti ti Togo tí àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀. Ní Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ ìbátan wa wà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ tiwọn ní mìlímítà 1,067. Irú irin bẹ́ẹ̀ ló so Èkó mọ́ Ìbàdàn ní 1901. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 67. Ẹ na ìka mẹ́rin ọwọ́ yín papọ̀, kí ẹ wọn ìbú wọn. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tí ó bá pàdé ọmọ Ìsẹ́yìn lọ́jà yóò gbọ́ èdè rẹ̀, wọn yóò sì jọ ná ọjà, ṣùgbọ́n orí ọkọ̀ tí ń sáré lórí irin Ìbàdàn ti ìgbà náà kò lè rìn lórí irin Ṣábẹ̀ẹ́ àfi bí a bá pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ti rí òkúta ààlà, mo sì ti rí okùn tí àwọn aṣọ́bodè ta sójú ọ̀nà. Kò sí èyí tí ó ṣe àlàyé ààlà fún mi tó ìbú ìka mẹ́rin yìí.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá tòkunbọ̀ fún ojú irin wa kò lè gba ọjà tí ó wù ú lọ. Faransé tí ó tẹ́ irin náà fún wa kò lo irú rẹ̀ fún àwọn ọ̀nà ńláńlá tirẹ̀; mìlímítà 1,435 ni tiwọn. Orí ọkọ̀ tí ó bá ti ṣiṣẹ́ títí ní Paris kò lè wá bá wa jẹun alẹ́. Àwọn ẹ̀rọ dísù tí ilé iṣẹ́ Alsthom ṣe fún àwọn ojú irin ilẹ̀ Áfíríkà tí Faransé ń ṣàkóso, fún ìbú mítà kan ni wọ́n dìídì rọ wọ́n. Bí irú ìyẹn bá gbó, ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn mìíràn tí wọ́n ń rìn lórí mítà kan ni a ní láti kàn sí. Ibẹ̀ ni Íńdíà ti wọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun ìyanu kan wà nínú ìtàn Íńdíà. Gẹ̀ẹ́sì ló ṣàkóso ibẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tí ń fi ẹsẹ̀ bàtà àti íǹṣì wọn nǹkan. Síbẹ̀ ní 1870, nígbà tí Lord Mayo jẹ́ gómìnà àgbà ibẹ̀, wọ́n pinnu láti tẹ́ irin tí kò ní náwó púpọ̀, wọ́n sì yan mítà kan fún un, nítorí pé wọ́n ń gbèrò láti fi òṣùwọ̀n mítà rọ́pò ti àtijọ́ ní ilẹ̀ náà. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ Íńdíà fi lè bá irin Dahomey mu, tí ẹ̀rọ Nàìjíríà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò sì lè bá a mu.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀yà kan nínú wọn, kí n sọ ìgbésí ayé rẹ̀. YDM-4 ni wọ́n ń pè é. Y dúró fún irin mítà kan, D fún dísù, M fún iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, èrò àti ẹrù. Ilé iṣẹ́ ALCO ní Schenectady, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, ló yàwòrán rẹ̀, àwọn àkọ́kọ́ sì dé Íńdíà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Wọ́n tún ṣe àwọn kan ní Montreal ní Kánádà. Láti 1968, àwọn ará Íńdíà fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́ ní Varanasi, ìlú mímọ́ tí ó wà lẹ́bàá odò Ganges. Wọ́n ń ṣe é fún ohun tí ó tó ogún ọdún. Lápapọ̀, ó ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ.

Inú rẹ̀ kò ṣòro ṣàlàyé. Ẹ̀rọ dísù kan tí ó ní sílíńdà mẹ́fà wà ní àárín. Ẹ̀rọ náà kì í yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní tààrà. Ẹ̀rọ amúnáwá ńlá kan ni ó ń yí. Iná tí ìyẹn bá mú wá ni wọ́n fi wáyà gbé lọ sí ìsàlẹ̀, fún àwọn mọ́tò mẹ́fà tí ó so mọ́ ọ̀pá ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àpótí yanrìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ náà, kí awakọ̀ lè da yanrìn sórí irin bí òjò bá mú kí ó máa yọ̀. Àpapọ̀ ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 72. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́fà, tọ́ọ̀nù 12 ni ọ̀pá ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé. Èyí ṣe pàtàkì ju bí etí ṣe gbọ́ ọ lọ. Irin tí wọ́n tẹ́ láyé àwọn baba ńlá wa tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn afárá rẹ̀ kò sì ní agbára ti òde òní. Bí ẹ̀rù bá pọ̀ jù lórí ẹsẹ̀ kan, irin á tẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́fà bá jọ gbé gẹdú, ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ kì í jìn bíi ti ẹni méjì tí ó gbé e.

Lẹ́yìn náà, ní 1992, ìjọba Íńdíà gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Unigauge. Wọ́n ní gbogbo irin orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ di ìbú kan ṣoṣo, mìlímítà 1,676, kí ẹrù má baà máa sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kan kí ó tó wọ òmíràn. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń hú irin mítà kan tí wọ́n sì ń tẹ́ èyí tí ó fẹ̀. Àwọn YDM-4 kò ì tíì darúgbó. Àwọn kan nínú wọn kò tíì pé ogún ọdún. Ọ̀nà ló tán lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ni wọ́n bá tún wọn ṣe, wọ́n kùn wọ́n, wọ́n sì fi ọkọ̀ òkun kó wọn lọ síbi tí mítà kan ṣì wà. Àwọn kan ṣiṣẹ́ ní Malaysia. Àwọn kan dé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín, wọ́n ṣiṣẹ́ lórí irin Dakar sí Bamako, nínú oòrùn àti eruku tí kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti mọ̀ rí nílé. Ìjọba tiwa náà yá mílíọ̀nù 15 dọ́là lọ́wọ́ ilé ìfowópamọ́ Exim ti Íńdíà. Ohun èlò ojú irin wà lára ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ yá a, pẹ̀lú ohun èlò iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún yẹn. Ní ọ̀dọ̀ wọn, ẹ̀rọ wà, ọ̀nà kò sí. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọ̀nà wà, ẹ̀rọ ló ń kú. Kí ni àjẹkù òyìnbó nínú èyí? Àwọn tí ó rọ ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ní Varanasi kì í ṣe òyìnbó. Àwọn ènìyàn tí wọ́n ti wà lábẹ́ àkóso bíi tiwa ni, tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, tí wọ́n sì ń dá a ṣe lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ìyẹn gan-an ni mo rò pé ó yẹ kí ó dùn wá, bí ohun kan bá máa dùn wá. A ní ojú irin ṣáájú ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè; a kò tíì rọ orí ọkọ̀ kan ṣoṣo.

N kò sọ pé tòkunbọ̀ kò ní wàhálà. Mo bi bàbá wa kan, tí ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ojú irin tí ó sì ń gbé ní Tchaourou báyìí, pé kí ni ń pa orí ọkọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, «Ọmọ mi, ọjọ́ orí kì í pa á. Ohun kékeré ní ń pa á.» Ó ka àwọn nǹkan kékeré náà fún mi: rọ́bà tí kò ju òrùka ọwọ́ lọ, asẹ́ tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́, tí eruku ọyẹ́ máa ń dí tí a kò bá nù ún, àti ọ̀pá tín-ín-rín tí ń tu epo sínú sílíńdà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bàjẹ́ tí kò sì sí òmíràn ní ilé ìkóhun-èlò-sí, orí ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 72 yóò jókòó. Bí ó bá sì jókòó pẹ́, ẹnìkan yóò wá yọ ohun tí ó ṣì dára lára rẹ̀ fún ẹ̀rọ mìíràn tí ó ń ṣàìsàn. Ó ní nínú iṣẹ́ àwọn, ẹ̀rọ tí wọ́n bá ti yọ nǹkan lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í sábà dìde mọ́. «A máa ń sọ pé a yá nǹkan lára rẹ̀ ni. Ta ni í yá nǹkan lọ́wọ́ òkú tí í dá a padà?»

Mo tún béèrè bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀rọ fẹ́ ṣàìsàn nígbà tí kò sí kọ̀ǹpútà tí yóò sọ fún wọn. Ó ní ọwọ́ àti etí ni. Awakọ̀ á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ilẹ̀kùn ẹ̀rọ bí ìyá ṣe ń gbé e lé iwájú orí ọmọ. Ó fi ẹnu ró ohùn mẹ́ta fún mi: ti ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ yá, ti èyí tí sílíńdà kan ti dákẹ́ nínú rẹ̀, àti ti èyí tí omi rẹ̀ ti fẹ́ tán. N kò lè kọ wọ́n sílẹ̀. Mo fi fóònù gbà á sílẹ̀, mo sì ti tẹ́tí sí i títí; ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ àti èkejì ti ń yé mi, ẹ̀kẹta kò tíì yé mi.

Ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ tí ọkọ̀ èrò ti ń ná Kútọnù sí Parakou kẹ́yìn. Àwọn ọmọ tí ó ń wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Sanson báyìí kò gbọ́ fèrè rẹ̀ rí. Àwọn ìyá wọn ló lè sọ bí wọ́n ṣe ń gbé iṣu, gàárì àti èédú lọ sí ibùdókọ̀ Tchaourou, tí wọ́n ń gbé e gba ojú fèrèsé kí ọkọ̀ tó tún ṣí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ìrètí tún sọjí. Wọ́n fi ìpìlẹ̀ ibùdókọ̀ ojú irin lélẹ̀ ní Niamey, ẹgbẹ́ Bolloré sì tẹ́ irin mítà kan tuntun láti ibẹ̀ dé Dosso, nǹkan bí kìlómítà 140. Ọmọ Tchaourou, Thomas Boni Yayi, ló wà lórí àga ààrẹ ní Bénin nígbà náà, nítorí náà ẹ lè mọ bí a ṣe yọ̀ tó. Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ dé. Ilé iṣẹ́ Petrolin ní àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní iṣẹ́ náà. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Kútọnù pàṣẹ ní 2015 pé kí Bolloré dáwọ́ dúró, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sì fọwọ́ sí i ní 2017. Ní 2018 ààrẹ Patrice Talon sọ pé kí àwọn méjèèjì yẹra, pé Ṣáínà ni òun ń wò. Irin Niamey dé Dosso wà níbẹ̀. Irin tiwa wà níhìn-ín. Àárín méjèèjì ṣófo.

Àwọn tí ó fẹ́ tuntun máa ń tọ́ka sí Nàìjíríà. Òótọ́ ni pé irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,435, ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ó sì dára lójú. Kìlómítà 157 ni, owó rẹ̀ sì tó nǹkan bí bílíọ̀nù kan àbọ̀ dọ́là, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ gbèsè Ṣáínà. Tiwa jẹ́ 438. Ẹni tí ó mọ ìṣirò kò nílò kí n parí rẹ̀ fún un. N kò ní kí a má gbèrò tuntun. Ohun tí mo ń sọ ni pé láàárín ọjọ́ tí a gbèrò rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò dé, ọmọ kan lè bí ọmọ. Bí orí ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan bá fa ọkọ̀ ẹrù ogún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé tọ́ọ̀nù 30, tọ́ọ̀nù 600 ni yóò gbé lọ sí Kútọnù lẹ́ẹ̀kan, láìjẹ́ pé ogún ọkọ̀ akẹ́rù tún gba àárín abúlé wa kọjá lóru. Kajú wa wà níbẹ̀, òwú wà níbẹ̀, iṣu tí ń jẹrà ní ẹ̀bá ọ̀nà wà níbẹ̀.

Ohun tí yóò kọ́kọ́ tán kì í ṣe irin. Irin a máa dúró de ènìyàn. Àwọn tí ó mọ bí a ti ń tọ́jú ẹ̀rọ wọ̀nyí ni kì í dúró. Bí wọ́n bá gbé YDM-4 kan tàbí àbúrò rẹ̀ wá sí Parakou lọ́la, ta ni yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀kùn rẹ̀? Wọn yóò pe àwọn ará òkèèrè, wọn yóò sì sanwó fún wọn lórí ohun tí bàbá kan ní Tchaourou mọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìdí nìyí tí èmi àti bàbá yìí fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá. À ń kọ orúkọ àwọn ẹ̀yà ara orí ọkọ̀ sílẹ̀ lédè wa, nítorí Faransé ni wọ́n fi kọ́ òun, òun sì ti wá ń gbàgbé Faransé náà. Ẹ̀rọ amúnáwá ńlá, ó pè é ní ìyá iná; àwọn mọ́tò ìsàlẹ̀ jẹ́ ọmọ iná. Àtẹ̀sẹ̀ tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ kí ẹ̀rọ mọ̀ pé kò sùn, ó ní kí n kọ ọ́ ní «mo-wà-níbí». Ọ̀rọ̀ mọ́kànlélógójì ni a ti ní. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá a dé orí ohun tí Faransé ń pè ní turbo, ẹ̀rọ kékeré tí ń fi agbára ti afẹ́fẹ́ wọ inú sílíńdà kí epo lè jó dáadáa. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó yí, epo á ṣáájú afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ á sì tú èéfín dúdú bíi ti ilé alágbẹ̀dẹ. Mo dábàá orúkọ mẹ́ta, ó kọ gbogbo wọn. Ó dákẹ́ pẹ́, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, «Ẹwìrì ni. Kọ ọ́ sílẹ̀, ẹwìrì.»